Ṣé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ ìdínsanra, nígbà tí ọmọ mi kékeré ṣì ń fẹ́ kí n pọ̀n òun?

Aránṣọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe nítòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo sì ti bí ọmọ méjì. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ sì ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n wọ̀n mí ní ilé ìwòsàn lóṣù tó kọjá, mo jẹ́ kílò 118, gíga mi sì jẹ́ mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 63.

Tépù tí mo fi ń wọn àwọn oníbàárà ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá eré. Lọ́dún tí mo ṣègbéyàwó, 104 ni ó kà ní ìdí mi. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá mi wọ̀n ọ́n nítorí aṣọ ẹbí kan, ó wo tépù náà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó rọra sọ pé 139 ni. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ mi kékeré mú àlùmọ́gàjí, ó wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ títí, ọwọ́ mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yẹn náà ló wọlé lọ gbé e jáde.

Kì í ṣe ti ẹwà ni mò ń wí. Ẹ̀jẹ̀ mi ru gidigidi nígbà tí mo lóyún èkejì, débi pé oṣù kẹjọ ni wọ́n fi abẹ gbé ọmọ náà jáde, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì tíì wálẹ̀ dáadáa láti ìgbà yẹn. Mò ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Ìyá mi kò pé ọdún 53 tí rọpárọsẹ̀ fi gbé e lọ. Mo ti gbìyànjú púpọ̀. Mo máa ń rìn lọ sí etí ọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́, mo dín àkàsà àti àmàlà kù, mo sọ kílò mẹ́sàn-án nù, ọdún náà kò sì parí tí mo fi gba méjìlá padà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní ilẹ̀ Faransé wá sọ pé òun yóò san owó iṣẹ́ abẹ náà ní Túnísíà, tí owó bàálù, ti ilé ìwòsàn àti ti ibùgbé jẹ́ bíi mílíọ̀nù mẹ́ta sẹ́fà. Ọkọ mi kò sọ pé kí n má lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a bí ọmọ kẹta lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ gbà pé ara mi ni ẹlẹ́rìí pé ọmọ òun ń tọ́jú mi. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí: kí n má baà kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lórí ohun tí àwọn èèyàn yóò ní n kò gbọ́dọ̀ ṣe, àti kí n má baà jókòó láìṣe nǹkan kan, kí n lọ bí ìyá mi ṣe lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó.

Ìyá-Ọlọ́mọ-Mẹ́ta, Kétu

Àbúrò mi, ó kú ìfaradà. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, ó pé ọdún mẹ́ta báyìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní *sleeve*, tí wọ́n ti ń gé àpò oúnjẹ inú ẹni kúrú, ni wọ́n ṣe fún mi. Kílò 121 ni mo jẹ́ kí n tó ṣe é, mo bọ́ sí 84 lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, lónìí mo wà ní 88. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì tí mò ń lò ti di ọ̀kan. N kò kábàámọ̀ pé mo ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n tó lọ kò tó ìdajì ohun tí mo bá pàdé.

Àbíkẹ́yìn mi jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà yẹn. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ju kílò márùn-ún lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì dáhùn pé ó rọrùn, láìrántí pé ọmọ náà ti jẹ́ kílò mọ́kànlá. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún ọmọ tó na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú yín, tó ń sunkún? Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣubú lẹ́bàá kànga, mo sì ti gbé e kí n tó rántí ara mi. Ìrora tó gbà mí nínú mú kí n pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wọlé. Ọlọ́run ṣàánú mi, nǹkan kan kò já. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbé àpótí kékeré kan sẹ́bàá àga mi, tí mo sì kọ́ ọ kí ó gun àpótí náà kí ó tó gun itan mi. Ìyá mi ló ń pọ̀n ọ́n lọ sùn. Bí o kò bá ní ẹni tí yóò bá ọ gbé ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kì í ṣe ẹni tí yóò máa kọjá wò ọ́ o, má tíì fi orúkọ sílẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ògì tó ṣàn àti omi ẹja ni mo mu ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹyin àkọ́kọ́ tí mo jẹ, ìdajì rẹ̀ péré ni, ó gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú. Títí di òní, n kì í mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Mo ní láti dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí mo bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, olóde a rò pé mo kẹ́gàn ọbẹ̀ òun, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti dá ìjà sílẹ̀ rí láàárín èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ní oṣù kẹrin, irun mi ń bọ́ sínú òòyà ní ìdì ìdì kí ó tó tún hù padà. Awọ ikùn mi kò sì padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí kò bá èèyàn mu. Ìwọ aránṣọ yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí tó burú jù ni ọwọ́ mi ló ti wá. Nígbà tí ara mi ti yá, mo fi oògùn fítámì sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ìgbà tí eèrà ń rìn níbẹ̀, ahọ́n mi pọ́n, ó ń dùn mí, n kò sì lè rìn láti ilé dé Akaba Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, láìsinmi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, fítámì B12 ló ti tán lára mi. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbà mí. Owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ san, owó ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni. Ta ni yóò máa san ti oṣooṣù?

Àgbẹ̀ Ṣábẹ

Mo kí gbogbo yín. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ìyàwó mi jẹ́ kílò 103, ó bá mi lọ sóko, ó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, ó sì dé 91 láìsí ẹni tó fi ọ̀bẹ kàn án. Kí ni a ti ń gé ikùn ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé sí? Àwọn ìyá wa sanra, wọ́n sì dàgbà.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ dandan, ohun kan wà tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà. Láti Ṣábẹ níbí dé Kùtọnu, ó lé ní 200 kìlómítà. Túnísíà wá ńkọ́? Bí inú bá ń run ọmọbìnrin yìí ní aago méjì òru, ní oṣù kan lẹ́yìn tó dé, ọ̀dọ̀ dókítà wo ni wọn yóò gbé e lọ, tí dókítà náà yóò mọ ohun tí wọ́n ti gé àti ohun tí wọ́n ti rán nínú rẹ̀?

Agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí bàbá wa láti Ṣábẹ béèrè kẹ́yìn yẹn, òun ni ó yẹ kí ìyá yìí kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí. Kí ó rí dókítà kan ní Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnu tí yóò gbà láti máa tọ́jú rẹ̀ kí ó tó ra ìwé bàálù, kí ó sì gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ àwọn tó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n, bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó jẹ́ 103 àti ẹni tó jẹ́ 118 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò sí lójú kan náà. Bí a bá fi 1.63 pín 118, tí a tún fi 1.63 pín èsì rẹ̀, 44 ni a ó rí, ìyẹn òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń mọ bí ìwọ̀n èèyàn ṣe pọ̀ tó sí gíga rẹ̀. Láti ọdún 1991 ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ti gbà pé ẹni tó bá dé 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn bíi ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ náà sọ ọ́ di 35, bí àìsàn kankan kò tilẹ̀ sí. Ní Sweden, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó sanra jù láti 1987, ikú sì kéré láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ju láàárín àwọn tí kò ṣe é lọ. Ẹ̀rù ikú tó ń ba ìyá yìí, apá méjèèjì ló ti ń bọ̀. Níbi tí irinṣẹ́ bá pé, tí ọwọ́ sì mọ́, bí ẹnì kan nínú 1000 ni iṣẹ́ abẹ náà máa ń pa.

Nínú *sleeve*, wọ́n máa ń gé bí ìdá mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí, wọ́n sì ń jù ú nù, kò ṣeé dá padà. Ní ibi tí wọ́n gé yẹn gan-an ni èròjà tó ń pa èèyàn lébi ti ń jáde jù, ìdí nìyẹn tí ebi kì í fi í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú *bypass*, wọn yóò fi àpò kékeré bí ẹyin adìẹ sílẹ̀, wọn yóò sì gba ojú ọ̀nà mìíràn so ìfun mọ́ ọn. Bí oúnjẹ bá máa ń ru padà sí ọ̀fun yín pẹ̀lú ìkorò, ẹ sọ fún dókítà, nítorí *sleeve* lè mú kí èyí burú sí i. Bí ó bá sì jẹ́ *bypass* ni ẹ ṣe, ẹ dágbére fún oògùn ara ríro bíi ibuprofen tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà; ó ń dá egbò sí inú àpò kékeré náà. Lára yín, ó ṣeé ṣe kí bí ọgbọ̀n sí márùndínlógójì kílò lọ láàárín oṣù 12 sí 18, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì padà wá nígbà tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kẹta ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò gbọ́dọ̀ lóyún fún oṣù 12 sí 18, nítorí pé ara tó ń yára jẹ ọ̀rá ara rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi bọ́ ọmọ inú. Ohun tó sì máa ń ya àwọn ọkọ lẹ́nu ni pé sísanra jù a máa dí oyún lọ́wọ́, tí ìwọ̀n bá wá ń lọ sílẹ̀, oyún a máa tètè dé. Oògùn tí a ń gbé mì láti fi fètò sọ́mọ bíbí lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn *bypass*. Èyí tí wọ́n ń fi sí apá tàbí sínú ilé ọmọ ló dára jù, kí ẹ sì ti fi í síbẹ̀ kí ẹ tó lọ. Lẹ́yìn àkókò yẹn, oyún tó bá dé kì í sábà mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wá tó ti tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ a máa kéré díẹ̀ nígbà mìíràn, tí a sì ní láti máa ṣọ́ ọ. Ìyá tí oyún kejì rẹ̀ parí ní oṣù kẹjọ, tó fẹ́ tún lóyún lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú kílò 118 àti ẹ̀jẹ̀ tó ṣì ń ru, òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju ẹni tó ń lọ sí Túnísíà lọ.

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ semaglutide náà wà, ó ń dín ìwọ̀n kù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá a dúró, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ a padà, a sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán kí a tó lóyún. Bí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, kí ẹ lè rọra já a lẹ́nu ọmú.

Aránṣọ Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, n kò lè dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka ọ̀rọ̀ ìyá agbẹ̀bí sókè fún ọkọ mi lálẹ́ àná. Ó fi ìka ka oṣù 18, ó tún un kà, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó béèrè pé ta ni yóò máa gbé ọmọ. Mo sọ fún un pé òun ni. Kò jiyàn, kò sì tíì gbà.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó má tíì sanwó. Lọ́jọ́bọ̀, mò ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo sì fẹ́ béèrè iye tí fítámì àti àyẹ̀wò yóò máa jẹ lóṣù, nítorí pé ìbéèrè ìyá wa láti Kétu kò jẹ́ kí n sùn. Bí owó yẹn bá ju ohun tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lè gbé lọ, n kò ní ṣe é, ẹni yòówù kó san ti Túnísíà.

Àpótí tí mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ni mo ti gbé sẹ́bàá àga mi láti àárọ̀ yìí. Ọmọ náà ti gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún ń gùn ún bí mo ṣe ń kọ èyí.