Èsì: “Ọkọ̀ alágbedeméjì” kẹ̀? Ta ló pín in sí méjì?

Àsàlámù àlékùmù, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo rí èèyàn mẹ́rin tó ti kọ “ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ” sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Flọ́rídà kọ sórí ìjókòó wa yìí lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní bí n kò bá sọ̀rọ̀, a ó jí lọ́jọ́ kan, a ó bá a nínú ìwé ọmọ iléèwé. Fún ẹni tí kò kà á: Ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń mọ ìwọ̀n tó yẹ kó rà nínú irú ọkọ̀ ìpẹja kan tó gbòde lọ́dọ̀ wọn. Àárín gbùngbùn ni wọ́n gbé sitíárìn rẹ̀ sí, iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣófo, kí apẹja tí ẹja bá gbé ìwọ̀ rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé e yí ọkọ̀ ká. “Center console” lòyìnbó ń pè é. Ẹ̀gbọ́n wa pè é ní “ọ̀kọ̀ alágbedeméjì”.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti àmì ohùn kúrò nílẹ̀. Ìgbà 11 ni Ẹ̀gbọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ sórí ọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Mo kà á. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ẹ ò lè kọ “ọ̀kọ̀” kó má gún mi: ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Irin ẹnu ṣóńṣó tí jagunjagun ń jù ni. Kì í léfòó. Ẹni tó bá fi ọ̀kọ̀ wọ odò, ó lè rí ẹja gún o, àmọ́ kó má jókòó lé e. Ẹ̀gbọ́n á ní fóònù ló ṣe é. Ìgbà 11? Ó tún kọ “ẹlẹ́sẹ̀ 24”. Ṣé ọkọ̀ ni àbí ọ̀kùn? Ẹsẹ̀ bàtà là ń fi wọn nǹkan.

Ìyẹn ṣì kéré. “Alágbedeméjì” gan-an ni wàhálà. Bí mo bá dé Ọjà Ọba, tí mo ní kí ìyá alábọ́ fún mi ní alágbedeméjì, kò ní wo àárín abọ́ kankan. Èyí tí kò tóbi, tí kò sì kéré ló máa fà yọ. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni etí gbọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí. Ẹ̀gbọ́n wá lọ fi ṣe orúkọ nínú àpilẹ̀kọ tó jẹ́ pé ìwọ̀n gan-an ló ń sọ! Ẹ wo ìpínrọ̀ kẹta: “alágbedeméjì kékeré”, “alágbedeméjì ńlá”. Mo ka ibẹ̀ sí àbúrò mi létí, ó ní, “Ṣé wọn kì í ta kékeré gidi ni?”

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáa. Ó ní ẹni tó ń pẹja lórí ọ̀sà àti omi tó pa rọ́rọ́, ẹsẹ̀ bàtà 17 sí 20 tó o: kì í wọ omi jìn, mọ́tò kékeré lè fà á, ẹnì kan lè dá a tì sómi láti orí ohun tí wọ́n fi fà á. Ẹni tó fẹ́ máa yọjú sí òkun lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, kó wo 21 sí 25. Láti 26 lọ ni ti ẹni tó ń wọ agbami títí ilẹ̀ á fi pòórá lójú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì ló sábà máa ń wà nídìí irú ìyẹn, kí ọ̀kan lè gbé e délé bí èkejì bá kú. Ó sì sọ ohun tó lè bọ́ lọ́kàn ẹni tó ń rà: èyí tí ìbú rẹ̀ bá ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àbọ̀ lọ, wọ́n á gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó fà á lójú títì lọ́hùn-ún. Gígùn nìkan sì kọ́. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ rí bí ẹnu àáké máa ń la ìgbì kọjá, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń já lé ìgbì lórí gbà-gbà-gbà, títí ẹ̀yìn á fi máa ro èèyàn; àmọ́ bí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́ láti dẹ ìwọ̀, èyí tó tẹ́ yẹn ni kì í fì jù. Ẹni tó mọ gbogbo èyí, kí ló ń fi alágbedeméjì ṣe?

Iṣẹ́ gbé mi dé Jẹ́bà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò Ọya, mo bá apẹja kan, ọmọ Tápà tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìdí-Àpé. Orí ọkọ̀ pákó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló jókòó lé, ó fi ọmọ-ìka-ẹsẹ̀ fa àwọ̀n le, ó ń di ojú tó ya. Mo fi fọ́tò ọkọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n kọ nípa rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó gbà á, ó sún un mọ́jú, ó sún un jìnnà. Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba àárín. Ó ní, “Orí ìdúró ni wọ́n ti ń tù ú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìdí ọkọ̀ lẹni tó ń tukọ̀ ń jókòó sí, ọwọ́ á wà lára ẹ́ńjìnnì Yamaha, bí ẹrù bá sì pọ̀ níwájú, ọrùn ló máa ń nà kó tó ríran. Ó dá fóònù mi padà. “Àdúrótù nìyẹn.” Ó bá tún kọjú sí àwọ̀n rẹ̀.

Àdúrótù! Ẹ wo ohùn rẹ̀. Tù ni ọ̀rọ̀ ìṣe wa, ohùn ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, á gòkè sí àárín: tukọ̀, atukọ̀. Ìdí nìyẹn tí “atùkọ̀” tí Ẹ̀gbọ́n kọ fi ń kọ́ni lẹ́nu. Nínú àdúrótù, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ bá jókòó sípò. Bàbá mi tó ṣe tíṣà ní Òmù-Àrán máa ń tò wá síwájú pátákó, á ní ká máa ké e: tú u, tu ú, tù ú. Okùn, ẹ̀gẹ́, ọkọ̀. Ẹni tó bá ṣì í á lọ pọnmi. Mo pọnmi púpọ̀.

Ẹnì kan á ní ẹni tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ náà ń dúró. Títì nìyẹn, kì í ṣe títù. Ẹ má sì mú “àdúrówà” wá. Awakọ̀ ti bá mọ́tò lọ tipẹ́. Àǹtí wa ará Ọ̀fà ní ká pè é ní “onípẹpẹ àárín”. Pẹpẹ tí mo mọ̀, ìkòkò omi ìyá àgbà ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ti gba ìyókù. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ń gbọ̀n díẹ̀ ni pé Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé sitíárìn tiwọn sí, tí wọ́n sì ń dúró tù ú. Bóyá “àdúrótù àárín”. N kò tíì mọ̀.

Ẹni tó wá bi mí pé kí ló kan ará Ìlọrin kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, orúkọ odò Ọya ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa ní Kwara. Pàtígi tí wọ́n ti ń díje ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ìtòsí Jẹ́bà níbí ni ọkọ̀ Dayspring tó bá wá ti kọlu àpáta ní 1857.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ti wà lórí ìjókòó yìí kí n tó dé. Òótọ́ ni, n kò jiyàn, mo sì dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ẹ bá wa yọ àmì yẹn kúrò lórí ọ.