Àbọ̀ ìrìn àjò wa sí En-Vau: ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn

Mo bi yín lóṣù tó kọjá bóyá kí a fẹsẹ̀ rìn ni tàbí kí a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí En-Vau, kọ̀rọ̀ òkun Mẹditaréníà tó há sáàárín àpáta nítòsí Cassis ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ọkọ̀ ni èmi àti ìyàwó mi wọ̀. Ọjọ́ kejì la tó ráàyè lọ, nítorí mistral, afẹ́fẹ́ líle tó máa ń fẹ́ wá láti àríwá, kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gbéra lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ya Port-Miou, tí ó gùn tóóró, tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tò sí lọ́tùn-ún lósì, a ya Port-Pin, kí a tó wọ En-Vau, níbi tí atẹ́gùn ti dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn, tí omi sì mọ́ gaara débi pé mo rí òjìji ọkọ̀ wa lórí yanrìn ìsàlẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ náà kò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ (ó dùn mí díẹ̀). Ó yí po, ó sì padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n mú ẹ̀wù òtútù dání, ẹ ṣeun. Ìyàwó mi ló wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kí ó fẹsẹ̀ rìn.