Òdòdó aṣọ: kí lọwọ́ yín ti bá pàdé nídìí rẹ̀?

AránṣọAdó: Èkìtì kete, ẹ kú ùsẹ́ o. Àgékù àǹkárá àti sátíìnì kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ láti Ajílósùn dé Ọjà Ọba. Àwọn kan ń gbá a dànù, àwọn kan ń sọ ọ́ di òdòdó irun, òdòdó gèlè, ẹ̀ṣọ́ kọ́tìnì. Ẹ wá sọ ibi tó ti ń bàjẹ́ àti ohun tó ń bà á jẹ́. Ẹ má sọ ìtàn bàbá ńlá yín fún wa o, iṣẹ́ ni ká sọ. Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú ni n ó fi bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí àǹkárá kì í ká bíi sátíìnì bí iná bá kàn án?

Ìyá Ríbọ́ọ̀nù: Òwú ni àǹkárá. Òwú kì í yọ́, jíjó ló ń jó. Sátíìnì ọjà wa, polyester ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ló ń yọ́ tí etí rẹ̀ á sì dì. Fa fọ́nrán kan yọ lára aṣọ, fi láítà sí i. Bó bá di kóró líle lẹ́nu, iná bá a mu. Bó bá di eérú tó ń rùn bíi bébà tó jó, abẹ́rẹ́ ló wá, má wulẹ̀ tan àbẹ́là. Bó bá rùn bí irun tó jó, sílíìkì gidi ni, dá a padà fún ẹni tó ni ín kó tó mọ̀.

ỌmọÌkẹ́rẹ́: "kó tó mọ̀" 😂😂

Télọ̀Ìjerò: Ẹ má bà wá lórúkọ jẹ́. Ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ti di ti ìgbálẹ̀.

Ìyá Ríbọ́ọ̀nù: Ẹ jẹ́ n parí ti sátíìnì. Gé òbíríkítí méjì méjì: èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 4, 3½, 3 àti 2½, mẹ́jọ lápapọ̀. Fi sísọ́ọ̀sì la etí ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi márùn-ún, kí ẹnu sísọ́ọ̀sì dúró nígbà tó bá ku ìdajì ínṣì kó dé àárín. Mú etí rẹ̀ sún mọ́ iná àbẹ́là láti ẹ̀gbẹ́, kó jìnnà sí i tó ínṣì kan, kẹ́ ẹ sì máa yí i. Ooru lẹ̀ ń wá, ẹ ò wá iná. Ṣónṣó iná tó pọ́n yẹn ni èéfín dúdú wà. Aṣọ funfun tó bá kàn án, ọṣẹ ò ní bá yín gbé e. Gé òwú àbẹ́là kúrú kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ pa fáànù. Kí abọ́ omi kan wà nítòsí, torí sátíìnì tó yọ́ bá kán síni lára, ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ awọ. Bó bá tutù, to ńlá sísàlẹ̀, kékeré sókè, kí ojú tó ń dán kọjú sí òkè nínú gbogbo wọn, kí ewé tòkè bo àlàfo ewé tìsàlẹ̀. Gún un láàárín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, rán ìlẹ̀kẹ̀ lé e, ó parí.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn: Gbogbo wàhálà yìí, abẹ́rẹ́ ò béèrè rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ará Japan ti ń ṣẹ́ aṣọ di òdòdó irun, kanzashi ni wọ́n ń pe ohun ẹ̀ṣọ́ náà, àǹkárá sì gbà á dáadáa. Gé e ní ínṣì 2 sí 2. Ṣẹ́ ẹ láti igun dé igun kó di onígun mẹ́ta, tún un ṣẹ́ sí méjì, tún un ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fi abẹ́rẹ́ olówú méjì gún ìdí rẹ̀, ewé márùn-ún lórí òwú kan, fà á le, so ó kó dà bí òrùka. Ewé kan á gùn tó ínṣì 1.4, òdòdó á fẹ̀ ní ínṣì 3 ó dín díẹ̀. Etí tó ń yọ òwú ti bọ́ sẹ́yìn, felt (aṣọ tó nípọn tí etí rẹ̀ kì í yọ òwú) ló máa bò ó. Yáàdì kan (ínṣì 36 sí 45) á fún yín ní 18 lọ́nà 22, ìyẹn 396, òdòdó 79.

ỌmọÌkẹ́rẹ́: 79 kẹ̀? Lórí bébà nìyẹn. Etí aṣọ tí wọ́n tẹ orúkọ sí ńkọ́, ta ló fẹ́ kó hàn nínú irun rẹ̀?

Télọ̀Ìjerò: Ẹ yọ ti etí, ẹ yọ ti sísọ́ọ̀sì tó wọ́, ẹ ka 70. Bó bá sì jẹ́ àǹkárá oníàwòrán gbàǹgbà, kò sí àwòrán kankan tó máa jáde nínú ínṣì 2, àwọ̀ lásán lẹ máa rí. Èyí tí àwòrán rẹ̀ rí wínníwínní ló yẹ òdòdó.

AránṣọAdó: Àwọn tó ń lo gọ́ọ̀mù oníbọn ńkọ́?

Ifàkì-Lọ́nà: Ẹ bi àwọn oníná wò 😭

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn: Ẹ ṣáà rí i. Abẹ́rẹ́ kì í dúró de NEPA.

Ìyá Ríbọ́ọ̀nù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Gọ́ọ̀mù náà ní àyè tirẹ̀: ẹ̀yìn òdòdó, níbi tí felt ti máa lẹ̀. Ẹ wo ìbọn yín kẹ́ ẹ tó ra igi rẹ̀, 7 mm wà, 11 mm wà. Ẹ ti tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ńlá, yíyọ́ ló máa yọ́ gba ẹ̀yìn jáde, ìbọn ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń fi àbẹ́là yọ́ ọ, ó máa ń pọ́n, á di dúdú, á wá ta sára aṣọ funfun. Àtipé ẹ má fi òdòdó alágọ̀ọ́mù sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Ẹ ó bá ewé lọ́tọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ-Ọ̀yẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé super glue ò yá jù báyìí?

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn: Rárá o!

Télọ̀Ìjerò: Ẹ má dán an wò lórí aṣọ òwú tàbí lórí òwú fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, gbígbóná ni wọ́n ń gbóná, ó lè rú èéfín, ó sì lè jóni níka. Bí kò bá tiẹ̀ jóni, ojú ibi tó kàn á funfun, á le bí igbá, abẹ́rẹ́ ò ní wọlé síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ-Ọ̀yẹ́: Haa. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ewé àǹkárá máa ń wó, kò dúró bíi ti sátíìnì.

Télọ̀Ìjerò: Gum stay, ìyẹn aṣọ tí gọ́ọ̀mù wà lójú rẹ̀ kan, tí wọ́n fi ń mú aṣọ le. Èyí tó tínrín, ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn aṣọ kẹ́ ẹ tó gé e. Ojú tó ń dán tó sì ń họ ọwọ́ ni gọ́ọ̀mù wà, ojú yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sí aṣọ. Ẹ bá kọ ọ́ sókè, áyọ́ọ̀nù lẹ máa lọ máa họ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ gbé e, ẹ tẹ ibòmíràn. Ẹ má wọ́ ọ. Bó bá ń wú bí àkàrà, ooru ò tó, àbí ẹ ti wọ́ ọ.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn: Ìyẹn fún òbíríkítí nìkan. Ewé tí a ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gum stay á sọ ọ́ di pátákó, abẹ́rẹ́ á kán. Sítáàṣì ni tirẹ̀. Po ṣíbí ìjẹun kan sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sínú omi tútù díẹ̀, da ife omi tó ń hó kan lé e, máa rò ó títí á fi mọ́ gaara. Fọ àǹkárá kẹ́ ẹ tó rì í bọ̀ ọ́, torí ohun tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí sítáàṣì wọlé. Fún un, tẹ́ ẹ sórí nọ́ńbà ilẹ̀ tó mọ́, lọ̀ ọ́ nígbà tó bá ṣì tutù díẹ̀.

Ifàkì-Lọ́nà: "nọ́ńbà ilẹ̀"?

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn: Táìlì ilẹ̀ ni mo fẹ́ kọ o, fóònù ló bá mi ṣe é.

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Ká kúkú fi iyán pa á. Èkìtì la wà.

Ifàkì-Lọ́nà: Ta ló máa jẹ́ kí iyán dé ara aṣọ? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa jẹ òdòdó náà.

Ìyá Ríbọ́ọ̀nù: Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ aáyán ń jẹ sítáàṣì lóòótọ́. Òdòdó tí ẹ kó sínú páálí láti oṣù kan sí èkejì, ẹ máa bá ihò lára rẹ̀. Fún álọ́ọ̀mù lílọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń rò ó, kẹ́ ẹ sì kó o sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má sì ta á fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Omi bá kàn án, ó wó.

Télọ̀Ìjerò: Bẹ́ẹ̀ lẹ sì ń pè é níṣẹ́ ọnà. Ohun tí òjò lè wó! Iṣẹ́ ọnà ni ti Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére Èkìtì.

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Ẹ má mú wa débẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ London ní 1924, British Museum ló wà dòní. Ẹ bá wa gbà á wálé ná.

Ẹlẹ́ṣọ̀ọ́Ẹ̀fọ̀n: Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n bí i sí o, ẹ rántí. Ìsẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́.

Télọ̀Ìjerò: A ti gbọ́, ẹ̀yin Ẹ̀fọ̀n.

Ẹlẹ́ṣọ̀ọ́Ẹ̀fọ̀n: Kí n tó lọ: aṣọ òkè ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Yíyọ òwú rẹ̀ ju ti àǹkárá lọ fíìfíì. Ẹ kọ́kọ́ fi máṣíìnì rán etí rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, tàbí kẹ́ ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ ra ojú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá gé e. Ẹ má gbé kútẹ́ẹ̀sì sún mọ́ àbẹ́là, ṣe ló ń gbiná. Òdòdó rẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ ti ṣíṣẹ́, ó nípọn jù. Ẹ wé e bíi róòsì: ẹ gé e ní ínṣì 3 ní fífẹ̀, 20 ní gígùn, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì ní gígùn rẹ̀, ẹ rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìrán gbọọrọ, ẹ fa òwú díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wé e, kẹ́ ẹ máa gún ìdí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wé e tán kó tó gún un, àárín rẹ̀ á yọ síta bí ahọ́n ajá.

AránṣọAdó: Ahọ́n ajá 😂 ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọmọ-Ọ̀yẹ́: Ti ọmọ tuntun ńkọ́, èyí tó ń wà lórí?

Ìyá Ríbọ́ọ̀nù: Orí ọmọ tuntun sábà máa ń jẹ́ bí ínṣì 14 yíká. Gé rọ́bà tó rọ̀ tó sì fẹ̀, kó gùn ní ínṣì 12, má lo èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, á gé e lórí. Bó bá fi àmì pupa sílẹ̀, ó ti fún jù. Ìlẹ̀kẹ̀ àti bọ́tìnì ò gbọdọ̀ wà lórí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìbáà jẹ́ gọ́ọ̀mù ìbáà jẹ́ òwú, torí ẹnu ni ibi tí ọwọ́ ọmọdé ń kó nǹkan lọ. Ẹ fi aṣọ ṣe àárín rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ kó tó sùn.

Ifàkì-Lọ́nà: Àkísà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má jó o, ẹ fi ṣe ìnusẹ̀. Àpò kókó tí wọ́n fọ̀ tó sì gbẹ, ẹ gé e ní ínṣì 18 sí 24, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ẹ rán an. Àkísà ínṣì 1 sí 4, ẹ fi ìṣó tí kò mú gún un wọlé, ẹ gún un jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ so ó. Ní ínṣì kan síra wọn, 432 ni yóò gbà, ẹni tó bá fẹ́ kó kún á gbà jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi àpò ìrẹsì oníke ṣe é, bẹ́ ẹ bá ti gé e, títú ló ń tú. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi iná pa létí.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn: Ó yọ́ nìyẹn, Ìyá Ríbọ́ọ̀nù ti borí.

Ìyá Ríbọ́ọ̀nù: 😌

Ọmọ-Ọ̀yẹ́: Ìbéèrè tó kù: òdòdó ń bọ́ lára kílíìpù irun tó jẹ́ irin. Gọ́ọ̀mù ò mú un.

Télọ̀Ìjerò: Irin tó ń dán ni. Ẹ fi bébà oníyanrìn họ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ríbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ wé apá rẹ̀ tòkè, kẹ́ ẹ wá lẹ òdòdó mọ́ ríbọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ẹ gún felt àti ríbọ́ọ̀nù pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Abẹ́rẹ́-Ò-Sùn: "Ẹ gún." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.