Jìtá béèsì olókùn márùn-ún fún orin metal: ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Birmingham:
Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ilé ni mo ti ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, olókùn mẹ́rin ni mo sì ń lò títí di òní. Àwọn ọmọ kan níbi iṣẹ́ mi ní ẹgbẹ́ olórin, hard rock àti metal, orin jìtá tó ń pariwo gan-an, ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń ta béèsì fún wọn ti kó lọ sí Scotland, wọ́n wá ní kí n bọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí n wá olókùn márùn-ún. £400 ni gbogbo owó tí mo lè yọ. Mo ti rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní £180, ó dúdú kirikiri, ó ń dán. Ṣé kí n rà á?

Ẹ̀gbọ́n Béèsì, Wolverhampton:
Má tíì rà á. Àbúrò, kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ibi tí wọ́n ń túùn jìtá tiwọn sí lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ E bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí kí wọ́n kàn dẹ okùn tó nípọn jù wá sí D, olókùn mẹ́rin ọwọ́ rẹ ti tó. Ṣebí ìlú tí o wà yẹn ni ẹgbẹ́ olórin metal Black Sabbath ti bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ Tony Iommi, onijìtá wọn, nílé iṣẹ́ irin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Nígbà tó yá, ó ń dẹ okùn kó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní 1971 wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ dé C#, tó tún rẹlẹ̀ ju D lọ, okùn mẹ́rin ni Geezer Butler tó ń ta béèsì fún wọn sì fi ń tẹ̀ lé e.

Okùn B ni ìkarùn-ún tí wọ́n ń wí. E ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, B ń gbọ̀n ní ìgbà 31 péré. Okùn tó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ báyẹn, bí kò bá fà le, á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá. Torí kó má baà fẹ́ lẹ́lẹ́ ni o ṣe ń náwó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Birmingham:
Mo ti bi wọ́n, sà. Wọ́n ní drop A. Jìtá olókùn méje ni ọ̀kan nínú wọn ń ta.

Ẹ̀gbọ́n Béèsì, Wolverhampton:
Háà! Ó ti di dandan nìyẹn. Wàá dẹ B náà wá sí A, ìgbà 27 àti ààbọ̀. Gígùn okùn ni kí o wá wò, láti nut lókè ọrùn títí dé bridge nísàlẹ̀. Ínṣì 34 ni ti béèsì tó pọ̀ jù, títí kan Ibanez SR àti Yamaha TRBX. Àwọn kan wà tó jẹ́ 35, bíi Schecter Stiletto olókùn márùn-ún. Ínṣì kan péré lójú ni o, ṣùgbọ́n bí okùn bá ṣe gùn sí i ló ṣe máa fà le sí i kó tó dún ohùn kan náà. Ó dá mi lójú pé 34 ni ti £180 yẹn.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà rò pé 34 ò lè ṣe é. Ibanez onínṣì 34 ni Fieldy fi ta béèsì nínú ẹgbẹ́ metal Korn, A náà ni wọ́n sì wà. Ìró kẹ́kẹ́kẹ́ tí ẹ ń gbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, okùn tó rọ̀ tó ń gbá fret, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá, ni.

Ẹ̀gbọ́n Béèsì, Wolverhampton:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó máa ké bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kẹ́kẹ́kẹ́ ńkọ́?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Kó lo okùn tó nípọn. .130 (ìnípọn rẹ̀ ní ínṣì) ni B tó máa ń wà lára jìtá láti ilé ìtajà. Kó yọ ọ́, kó fi .135 tàbí .145 sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo fi owó kọ́ nìyí: mo ra okùn .145, mo dé ilé, kò wọ ojú ihò nut. Mo fi ipá tì í, ó gùn orí ibẹ̀ jókòó, gbogbo ohùn tí mo tẹ̀ lórí fret kìíní ń dún sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú olókùn kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún jìtá ṣe kó bá yín fi fáìlì ha ihò yẹn díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ihò ara bridge náà bóyá okùn á kọjá.

Àwọn Dingwall, ilé iṣẹ́ béèsì ti Kánádà, ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí jù lójú mi. Wọ́n na fret bí abẹ̀bẹ̀, B á gùn ní 37, G tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù á wà ní 34. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà £400.

Màmá Leeds:
Èmi ò mọ jìtá o, ọmọ mi ló ń ta á. Ẹ bá a sọ ti bátìrì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní eré níléèwé, béèsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọ̀pọ̀lọ́. A rò pé wáyà ni, a pààrọ̀ rẹ̀, bákan náà ló ń ṣe. Àṣé ó ti ki wáyà bọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti mu bátìrì gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n Béèsì, Wolverhampton:
Màmá, ẹ ṣeun. Bátìrì 9-volt ni ti àwọn béèsì active, ìyẹn àwọn tó ń lo bátìrì. Wáyà tí a kì bọ̀ ọ́ gan-an ló ń tàn án, ẹ máa yọ ọ́ bí ẹ bá parí.

Àbúrò, bí o bá dé ilé ìtajà, má tíì jẹ́ kí wọ́n tan ámpù. Fi píìkì gbá B lágbára, kí o gbé àgbọ̀n lé ìwo jìtá náà, ibi tó yọ ṣóńṣó lókè ara rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ á sọ fún ọ bóyá ó ń dún tàbí ó kàn ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, tẹ B ní fret karùn-ún, E ni. Fi í wé okùn E tí o kò tẹ̀. Bí ọ̀kan bá mọ́ tí èkejì ń ráhùn bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, gbé e padà síbi tí o ti gbé e. Kí o sì ní kí wọ́n bá ọ dẹ ẹ́ sí A níbẹ̀ gan-an. Bí olùtajà bá fajú ro, kó fajú ro.

Gbé e kọ́ èjìká, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí orí rẹ̀ bá ń ṣubú lọ sílẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ á máa gbé ẹrù dípò kó máa ta jìtá. Wo bó ṣe wúwo tó pẹ̀lú. Bí o bá rí i tí wọ́n kọ "African mahogany" síbẹ̀, ọ̀gànwó wa nílé náà ni. Jìtá onígi bẹ́ẹ̀ lè ju kílò 4 àti ààbọ̀ lọ, o sì máa dúró fún wákàtí méjì.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ó ku ti distortion, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ohùn jìtá máa ha. Má fi ṣe gbogbo ohùn, ìsàlẹ̀ á pòórá, ìwọ nìkan lo máa mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ Darkglass ti Finland àti SansAmp ní bọ́tìnnì blend: ohùn tó mọ́ á wà nísàlẹ̀, èyí tó ń ha á wà lórí rẹ̀. Ámpù kékeré inú yàrá ò sì lè gbé 27 jáde. Ìró 55 tó wà lórí rẹ̀ ni etí ń gbọ́ tó fi ń parí ìyókù fúnra rẹ̀. Má torí ẹ̀ yí bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ dé òpin, wàá fa spíkà ya.

Màmá Leeds:
Kó ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí náà o. Etí kì í hù padà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Birmingham:
Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo dán mẹ́rin wò lọ́jọ́ Sátidé. Béèsì olówó ńlá kan wà níbẹ̀ tí B rẹ̀ ń ráhùn gan-an bí ẹ ṣe wí. Àlòkù Stiletto kan ni mo rà, £310, ó ti ha lẹ́yìn. Mo fi .135 sí i, wọ́n bá mi ha nut ní £20. Ó dún! Onídírọ́ọ̀mù wọn dákẹ́, ó ní kí n tún un ta.

Ṣùgbọ́n mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, mo gbàgbé pé A ni mo dẹ B sí. Wọ́n gbé orin lórí C, mo na ìka sí C ìsàlẹ̀, B-flat ló bú jáde. Pásítọ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n Béèsì, Wolverhampton:
😂😂 Tún un ṣe kí o tó kúrò nílé. Tuner tí wọ́n ń há mọ́ orí jìtá kì í sábà gbọ́ B ìsàlẹ̀ dáadáa. Fi ìka kàn án fẹ́rẹ́ lórí fret kejìlá, kí o fi ohùn tó bá jáde túùn ún.