Ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sílé ìwé: ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa

Tíṣà Ọ̀dẹ̀dá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ni mo gbé wá. Abúlé kan lápá Ọ̀dẹ̀dá ni mo ti ń ṣe tíṣà. Téèyàn bá ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, á yà kúrò lójú títì kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ilẹ̀ òkúta ni, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta sì pọ̀ níbẹ̀. Típà ló ń kó o. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti ń já wá, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ń gbé báàgì kọ́rùn.

Ojú títì wa kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí ọ̀dà bá parí sí, igbó ló kàn. Tó bá di ìgbà òjò, koríko á ga ju ọmọ praimárì kẹta lọ, orí ọ̀dà ni àwọn ọmọ á sì máa rìn. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku tí típà kan bá tú sílẹ̀ kì í jẹ́ kí dírẹ́bà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí nǹkan kan.

Ohun tó gbé wa dìde ni ti àárọ̀ ọjọ́ kan tí típà kan fẹ́ yà fún ọlọ́kadà, tó sì kọrí sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa méjì. Wọ́n fò sínú kòtò. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan já bọ́ lójú títì. Ìyá ọmọ náà mú un wá síbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, ó gbé e sórí tábìlì: ipa tayà hàn lára rẹ̀ láti ìgigísẹ̀ dé ibi okùn, ó ti lẹ̀ pẹrẹsẹ. Kò sọ ju "ẹ wò ó" lọ, ó sì jókòó.

Àwọn bàbá kan ní kí àwọn ọmọ padà sí ọ̀nà oko àtijọ́ tó gba ẹ̀yìn abúlé. Àwọn ìyá fàáké kọ́rí: odò kékeré kan wà níbẹ̀, igbó sì ti bò ó, ta ló máa ní kí ọmọbìnrin òun máa dá rìn níbẹ̀? Mo ní ká kọ́kọ́ tẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ ná, lásìkò tí àwọn fúnra wọn ń rìn, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan tí ọ̀nà ti dá. Mo sì fún àwọn ọmọ ní bébà kí wọ́n ya ọ̀nà wọn, kí wọ́n fi bírò pupa sàmì síbi tó bá ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí wọ́n yà yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí a rò. Odò tí àwa àgbà ń pariwo lé lórí, díẹ̀ nínú wọn ló sàmì sí i. Ibi tí wọ́n fi pupa yí ká jù ni kọ́nà kan tí àpáta bò, tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kì í rí wọn, táwọn náà kì í rí ọkọ̀. Èkejì ni ajá ibi tí wọ́n ti ń la pákó: ìbẹ̀rù ajá yìí ló ń mú kí wọ́n sáré sọdá títì láìwo ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Oríta kan ni, tí ọmọbìnrin kan sọ pé àwọn ọlọ́kadà kan máa ń dúró sí, tí wọ́n á ní, "Wá gùn ún, ọ̀fẹ́ ni." Ó ti ń ṣẹlẹ̀ tipẹ́, kò sì sí òbí tó gbọ́ rí, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Mo kà pé ní ìlú Odense, nílẹ̀ Denmark, tí wọ́n ti wà lẹ́nu ètò bí ọmọ ṣe máa rin ọ̀nà ilé ìwé láìséwu láti àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ni wọ́n ní kó tọ́ka sí ibi tó léwu. Ó yé mi dáadáa báyìí.

Gbogbo abúlé jáde lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ṣán ọ̀nà oko náà títí tí kò fi sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè fara pamọ́ sí. Káfíńtà kàn pákó sórí odò, ó sì ṣe ibi ìdìmú sí i. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ ti ń kóra jọ. Àwọn ìyá pín ọjọ́ láàárín ara wọn, àgbà kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn, àwọn kékeré láàárín. Wọ́n ti ń so ajá yẹn mọ́lẹ̀ láràárọ̀. Baálẹ̀ mú wa lọ bá ọ̀gá àwọn dírẹ́bà típà, wọ́n sì gbà pé àwọn ò ní sáré ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ níwájú ilé ìwé, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe dábàá fún ibi tí ọmọdé àti ọkọ̀ bá ti jọ ń rìn. Àjọ yẹn náà ló sọ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé. Mo sọ ọ́ fún àwọn dírẹ́bà lójúkojú. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń gbìyànjú. Àwọn tuntun ni kì í gbọ́.

Bàbá Kọ́bapé

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Tiwa lápá Ọbáfẹ́mi-Owódé, kẹ̀kẹ́ ni. Ilé ìwé girama jìnnà sí wa, á ti rẹ ọmọbìnrin mi kó tó jókòó ní kíláàsì. Mo bá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ fún un. Àwọn kan ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti ọmọbìnrin. Mo sọ fún wọn pé ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kẹsàn-án lówó kẹ̀kẹ́ lọ́dún 2006, àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ ilé ìwé girama sì pọ̀ sí i níbẹ̀.

Ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ nílé wa ni apá tó yẹ kéèyàn máa gbà. Bàbá mi, tí wọ́n ti dàgbà, ní apá ọ̀tún ni ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn. Òótọ́ ni nígbà tiwọn, torí apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di oṣù kẹrin ọdún 1972. Ní báyìí tí ọkọ̀ ń gba ọ̀tún, òsì ni ẹlẹ́sẹ̀ á máa rìn, kó lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ní tiẹ̀, ọ̀tún ló máa gbà bíi ti ọkọ̀, létí. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lónìí, tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́la, gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì. Ẹ rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ ọmọ á fi kan ilẹ̀, ẹ dán bíréèkì wò láràárọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó gbé báàgì kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn ni kó dè é sí.

Ìyá Etí Odò

Ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀ ìdídò Ọ̀yán, níbi tí wọ́n ti sé odò mọ́, omi ló ń yọ wá lẹ́nu. Tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò sílẹ̀, odò lè kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wa. A ri òpó kan mọ́ etí odò, a fi ọ̀dà pupa kùn ún. Tí omi bá ti kan pupa, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ sọdá, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Ọ̀gá ilé ìwé ti gbà pé wọn ò ní na ọmọ tó bá tìtorí ẹ̀ pẹ́.

Tíṣà Ọ̀dẹ̀dá

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. A máa ri òpó yẹn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kọ́bapé, màá kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yẹn ní àsẹ́ńbílì. Ohun tí a ò tíì rí ojútùú sí ni ti àwọn ọlọ́kadà oríta. A ti bá alága wọn sọ̀rọ̀, ó ní òun á bá wọn wí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí lẹ ṣe? Ṣé ẹ ní kí wọ́n wọ aṣọ tó ní nọ́ńbà ni, àbí ẹ fi àgbà kan síbẹ̀ láràárọ̀? A fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó wọlé sáà tuntun.