Ryzen pẹ̀lú RX ni, àbí Intel pẹ̀lú RTX? Kọ̀ǹpútà géèmù tí inverter á lè gbé, Ìlọrin

Ọmọ Táńkè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù, ẹnu àwọn tó ń tajà ò kò rárá. Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ fi ṣe: géèmù (EA FC, GTA V, Warzone, Valorant) lórí mọ́nítọ̀ 1080p tó jẹ́ 144Hz, àti gígé fídíò ìgbéyàwó fún àwọn oníbàárà, 4K tí wọ́n fi kámẹ́rà Sony yà. Iná àdúgbò wa ò ṣeé fọkàn tẹ̀ lálẹ́. Inverter 1kVA oní pure sine wave ló wà nílé, bátìrì tubular ẹyọ kan, 12V 200Ah.

Àwọn tí wọ́n kà fún mi nìyí. Ìkíní, processor Ryzen 5 5600 ti AMD pẹ̀lú káàdì àwòrán RX 6600, AMD náà ló ṣe é. Ìkejì, Core i5-12400F ti Intel pẹ̀lú káàdì RTX 3060 ti Nvidia. Ìkẹta, Core i7-13700K tòkunbọ̀ pẹ̀lú káàdì Arc A750, Intel ló ṣe méjèèjì. Wọ́n ní agbára rẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ, owó rẹ̀ ò sì jìnnà sí tiwọn. Ẹnì kan ní AMD ń gbóná, ẹlòmíì ní Intel ló ń gbóná. Èwo ni kí n mú?

Ẹlẹ́rọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ìkẹta kúrò nílẹ̀. 125W ni Intel kọ sí 13700K, ṣùgbọ́n bó bá ń sáré gan-an, ó lè jẹ tó 253W. A750 fúnra rẹ̀ ń jẹ 225W. Bátìrì ẹyọ kan ò lè bá àwọn méjì yìí rìn jìnnà. Èyí tó tún burú jù ni pé ní 2024, Intel fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé foltéèjì tó ń ga jù ń ba àwọn kan jẹ́ nínú ìran 13 àti ìran 14. Wọ́n gbé microcode (àtúnṣe tó ń bá BIOS wọ processor) 0x129 jáde lóṣù kẹjọ ọdún náà, 0x12B sì tẹ̀ lé e lóṣù kẹsàn-án. Èyí tí ara rẹ̀ ṣì le ni àtúnṣe yẹn ń dáàbò bò, kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Tòkunbọ̀ lẹ sì fẹ́ rà: ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ lò ó tún BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń tan kọ̀ǹpútà, ṣe lásìkò? Bó ṣe máa ń hàn ni pé géèmù á kàn já síta níbi tó ti ń kó shader (ètò àwòrán rẹ̀) jọ, tàbí kó kọ ọ́ pé “out of video memory” nígbà tí memory káàdì ò tíì kún. Ẹni tí kò mọ̀ á máa bá káàdì jà, bẹ́ẹ̀ processor ló ń kú lọ. Ìran 12 ò sí nínú wàhálà yìí.

Ó ku méjì. Ọ̀rọ̀ pé AMD ń gbóná, ayé FX, processor AMD àtijọ́, ló ti wá. 125W ni FX-8350. Ryzen 5 5600 àti i5-12400, 65W ni wọ́n kọ sí méjèèjì, core mẹ́fà àti thread méjìlá ni méjèèjì ní. Ẹ ki káàdì kan náà bọ̀ wọ́n, ẹ ta géèmù ní 1080p, ọwọ́ yín ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ má tìtorí orúkọ náwó.

Lẹ́tà F tó gbẹ̀yìn 12400F yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. F túmọ̀ sí pé kò sí graphics (ohun tó ń gbé àwòrán jáde) kankan nínú processor náà. 12400 tí kò ní F ní graphics UHD 730 nínú, Quick Sync, apá rẹ̀ tó ń ṣí fídíò, sì bá a wá. Sony tó bá ń ya HEVC 10-bit 4:2:2 (fídíò tí wọ́n fún pọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kún), tí àwọn ń pè ní XAVC HS, RTX 30 àti RTX 40 ò lè fi hardware ṣí i, RX 6600 náà ò lè ṣí i, ṣùgbọ́n Quick Sync láti ìran 11 sókè ń ṣí i wẹ́rẹ́. Láìsí i, processor nìkan ló máa ru gbogbo ẹrù náà. Tí ẹ bá fa timeline (ìlà tí ẹ ti ń gé fídíò), àwòrán á dúró gbagidi, á tún fò síwájú. Ẹ kíyè sí i o: tó bá jẹ́ XAVC S 10-bit 4:2:2, H.264 nìyẹn, kì í ṣe HEVC, Quick Sync ìran 12 ò ran ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ ní kí oníkámẹ́rà yí i sí HS kó tó lọ sóde ìnáwó. Kámẹ́rà tó bá ń ya 8-bit 4:2:0, káàdì èyíkéyìí á ṣí i.

Àǹfààní kejì: ọjọ́ tí káàdì bá kọṣẹ́, mọ́nítọ̀ á ṣì tàn láti ara bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ oníbàárà ò ní há síbẹ̀. 12400F ò lè ṣe ìyẹn, Ryzen 5 5600 náà ò lè ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò iná, torí òun gan-an ló máa yan káàdì fún yín. 12V lọ́nà 200Ah jẹ́ 2,400Wh. Tubular, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 1,200Wh. Inverter á jẹ bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 1,020Wh. Processor jẹ́ 65W; bọ́ọ̀dù, RAM, SSD àti fáànù, ẹ pè wọ́n ní 40W; power supply gidi á sọ bíi ìdá 12 nù, mọ́nítọ̀ 25W. Tí káàdì bá jẹ́ RTX 4060, tí wọn ò kà fún yín, tó ń jẹ 115W, àpapọ̀ á sún mọ́ 275W, ẹ ó rí wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. RX 6600 jẹ́ 132W, bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. RTX 3060 jẹ́ 170W, wákàtí mẹ́ta. Pẹ̀lú A750, wákàtí méjì ààbọ̀ ni, ká tiẹ̀ ní processor 65W lẹ fi sí i. Gílóòbù àti fáànù ilé ò sí nínú ìṣirò yìí.

Èmi á mú i5-12400 tí kò ní F, bọ́ọ̀dù B660 tàbí B760 oní DDR4, RAM 16GB méjì, àti RTX 4060.

Ọmọ Ọlọ́fà

Mo fara mọ́ ti processor, ti káàdì ni mi ò fara mọ́. 8GB ni memory RTX 4060, ẹni tó ń gé 4K á tètè kún un. Ẹ fi noise reduction sí fídíò tí wọ́n yà nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi àwọ̀ àti title lé e, DaVinci Resolve, ètò tí wọ́n fi ń gé fídíò, á ní memory GPU (káàdì) ti kún, export á sì dúró. 12GB ni 3060. Lóòótọ́ 4060 ló yára jù nínú géèmù ní 1080p, ṣùgbọ́n géèmù tó falẹ̀ díẹ̀ ṣì ń lọ, export tó dúró ti dúró nìyẹn.

Ti iná, ẹ lè dín in kù. Ẹ ṣí MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń darí káàdì, ẹ fa power limit wá sí 80, 3060 ò ní kọjá nǹkan bíi 136W mọ́, ìyára tó máa já lára rẹ̀ ò tó nǹkan. Nígbà tí ẹ bá wà lórí inverter, ẹ fi FC sí 60 FPS (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ẹ ò nílò 144 láti gbá bọ́ọ̀lù.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, 3060 oní 8GB wà lọ́jà, orúkọ kan náà, 128-bit. Èyí tí ẹ ń wá, 12GB ni, 192-bit. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sí páálí gbọ́. Ẹ gbé GPU-Z, ètò tó ń sọ irú ẹni tí káàdì jẹ́, sórí flash, ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ wo Memory Size àti Bus Width. Tó bá jẹ́ ayédèrú káàdì Nvidia tí wọ́n yí BIOS rẹ̀ padà, GPU-Z sábà máa ń kọ [FAKE] síwájú orúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ta FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ wúwo dán káàdì wò, fún ìṣẹ́jú 15. Tí àmì tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bá hàn lójú mọ́nítọ̀, tàbí tí fáànù kan ò yí, ẹ dá a padà fún un. Gbogbo ihò HDMI àti DisplayPort rẹ̀ ni kí ẹ dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì wo ihò wáyà iná rẹ̀ bóyá ó ti jó dúdú.

Ọmọ Táńkè

Ọlọ́run á san yín lóore. Ìbéèrè méjì ló kù. Tí mo bá ra 12400 tí kò ní F, ara bọ́ọ̀dù ni mo máa ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀ ni, àbí ara káàdì? Ìkejì, wọ́n fẹ́ fún mi ní power supply 500W pẹ̀lú case, wọ́n ní ó tó.

Ẹlẹ́rọ Àjàṣẹ́

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Ọlọ́fà. Tí iṣẹ́ oníbàárà bá pọ̀ ju géèmù lọ, ẹ mú 3060 oní 12GB.

Ara káàdì ni wáyà mọ́nítọ̀ ń lọ. Ẹni tó bá ki wáyà náà bọ bọ́ọ̀dù, UHD 730 ló máa fi ta géèmù, á wá máa bú káàdì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù máa ń pa UHD 730 tí wọ́n bá ti rí káàdì, Quick Sync á bá a lọ. Ẹ wọ BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iGPU Multi-Monitor tàbí Internal Graphics sí, ẹ fi sí Enabled, kẹ́ ẹ wá fi driver Intel sí Windows.

Ti power supply, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ka bébà tó wà lára rẹ̀. Ìlà +12V nìkan ni kí ẹ wò, torí òun ló ń bọ́ processor àti káàdì. Tí wọ́n bá kọ 22A síbẹ̀, 12 lọ́nà 22 jẹ́ 264W, ohunkóhun tó wù kí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 40A ń fún yín ní 480W, irú ìyẹn lẹ fẹ́. 550W tó ní àmì 80 Plus Bronze á tó yín. Èyí tó bá fúyẹ́ bíi páálí òfìfo, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn: ọjọ́ tí iná bá já, tó tún fi tipátipá dé, ó lè kó káàdì lọ.

Tí ẹ ò bá rí 12400 tí kò ní F ní Táíwò Road, wọ́n lè bá yín mú un wá láti Ìkẹjà. Tó bá jẹ́ odindi kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n tú káàdì kí wọ́n dì í lọ́tọ̀. Ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú kòtò ojú ọ̀nà lè fa ihò PCIe tí káàdì wọ̀ ya kúrò lára bọ́ọ̀dù kó tó dé Ìlọrin.

Onígéèmù Òmù-Àrán

Ẹni tó bá jẹ́ géèmù nìkan ló fẹ́ ta, tí kò gé fídíò, ìkíní ni kó mú, Ryzen 5 5600 pẹ̀lú RX 6600. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi 5500 tàbí 5600G rọ́pò rẹ̀ fún un. 32MB ni L3 cache (memory kékeré inú processor) 5600, ti àwọn méjì yẹn jẹ́ 16MB, géèmù á sì fi hàn. Bọ́ọ̀dù B450 tó ti pẹ́ lórí igbá lè má dá 5600 mọ̀ rárá. Kí wọ́n tún BIOS rẹ̀ ṣe kí ẹ tó sanwó.

Ara processor AM4, irú èyí tí Ryzen 5 5600 jẹ́, fúnra rẹ̀ ni pin wà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tú cooler. Thermal paste tó ti gbẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó fà á sókè, processor á bá a jáde nínú ihò, pin á tẹ̀. Ẹ tan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú ohun tó dì í mú, kẹ́ ẹ rọra yí cooler sọ́tùn-ún sósì títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti já, kẹ́ ẹ tó gbé e. Paste tuntun ò gbọdọ̀ ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ.

Ti LGA1700, ihò tí i5-12400 ń wọ̀, inú bọ́ọ̀dù ni pin tiẹ̀ wà. Ẹ ṣí ìdérí ihò náà kí ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́: pin tó bá tẹ̀ á tàn yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tó bá ní ihò RAM mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni kí ẹ fi RAM méjèèjì sí, kẹ́ ẹ tan XMP nínú BIOS, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ RAM 3200 á máa sá eré 2133 tàbí 2400. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn filter iwájú case ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ fi ìka di fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ ẹ.