Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn to mọ́tò rí: báwo ni yúníọ̀nù àti mánéjìmẹ́ǹtì tiyín ṣe ń bára wọn gbé?

Ọmọ Múṣín

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò ní Èkó yìí, ẹ wá sọ tiyín. Ẹ má dárúkọ kọ́ńpìnnì o, àwọn ará wa ṣì ń jẹun níbẹ̀.

Èmi, wẹ́dà ni mí ní bọ́dì ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo mọ́tò yẹn, inú kọ̀ntéńà ló ń bá wá láti Àpápá, CKD là ń pè é, wọ́n ti tú u sí wẹ́wẹ́, àwa la máa jó o pọ̀ kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń kùn ún, kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì sí i. Tí kọ̀ntéńà ò bá wá, láìnì dúró nìyẹn, ìjà sì dé. Mánéjìmẹ́ǹtì á ní iṣẹ́ ò sí, kálukú máa lọ sílé, àá pè yín. Alága yúníọ̀nù wa á ní irọ́ ni, ẹni tó bá ti wọ gétì tó ti buwọ́ lùwé láàárọ̀, owó ọjọ́ yẹn ti di tiẹ̀, àwa kọ́ la ní kí dọ́là wọ́n.

Ọkùnrin yẹn kì í pariwo. Ìgbà kan tí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún wa lu tán, tí iná ń ta sí wa lọ́wọ́, a kọ lẹ́tà títí, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ọjọ́ ìpàdé, HR, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ń ka fáìlì ẹ̀ lọ, alága kàn da ìbọ̀wọ́ sórí fáìlì yẹn ni, gbogbo ẹ̀ dúdú, àtàǹpàkò ẹ̀ ti jó, ó ń rùn. Ó ní kí ọ̀gá ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ọ̀gá ò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ o, àmọ́ tuntun dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: àwọn káṣúà, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi, ò rí gbà. Iná kan náà ló ń ta sí gbogbo wa, wọ́n ní èèyàn kọ́ńtírátọ̀ ni wọ́n, kí kọ́ńtírátọ̀ lọ ra tiwọn.

Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ dín èèyàn kù ni mo mọ̀ pé yúníọ̀nù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n ti kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó pè wá, sẹ́kẹ́tírì wa ló wà lókè pátápátá, ẹ mọ ìdí. Alága mú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, jáde, ó ka sẹ́kíṣọ̀n 20 sí wọn létí: tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá èèyàn dúró torí pé iṣẹ́ ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn àti bó ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, àfi ti ẹni tó mọṣẹ́ jù tó sì ṣe é fọkàn tán, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa gbà lọ. Wọ́n tún orúkọ yẹn kọ. Sẹ́kẹ́tírì dúró. Àbúrò ìyàwó mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló lọ, òfin kan náà ló mú u lọ, ìyàwó mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ alága yẹn sétí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn káṣúà ńkọ́? Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpàdé, ọlọ́dẹ ẹnu gétì ni wọ́n kàn sọ fún pé kó má jẹ́ kí wọ́n wọlé mọ́.

Bàbá Òkòkò

O ṣeun ọmọ mi. Èmi wọṣẹ́ láyé ìgbà tí iṣẹ́ mọ́tò ń ta sánsán. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1975, ìjàpá, Beetle wọn yẹn, kún gbogbo títì, títí dòní kọ̀ńdọ́ ṣì ń pe Volks lójú ọ̀nà Badagry. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà o. Ní 1978 ìjọba kó gbogbo yúníọ̀nù wẹ́wẹ́ pọ̀ di 42 sábẹ́ NLC, ẹgbẹ́ àpapọ̀ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, àwọn sínìọ̀ sì ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni mánéjìmẹ́ǹtì tiwa ti rí ọ̀nà. Alága tẹ́nu ẹ̀ bá mú jù, wọ́n á fi ṣe súpáfáísọ̀. Ó ti di sínìọ̀ nìyẹn, kò lè ṣe alága júníọ̀ mọ́, àwa fúnra wa la máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo rí tó dá lẹ́tà ìgbéga padà, àwọn kan ní orí ẹ̀ ò pé.

SAP, ètò tí ìjọba ní àwọn fẹ́ fi tún ọrọ̀ ajé tò, ló wá dá gbogbo ẹ̀ rú ní 1986. Náírà já, owó páàtì gbé e, ẹni tá à ń bá dúnàádúrà gan-an ò rówó gbé kọ̀ntéńà wọlé mọ́. Ta lẹ fẹ́ yanṣẹ́ lódì sí?

Ìyá Ìbejì Agége

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Apá kejì ni mo jókòó sí, akáúǹtì, èmi ni mo ń yọ owó ẹgbẹ́ kúrò nínú owó oṣù. Owó yúníọ̀nù yẹn, ọwọ́ mánéjìmẹ́ǹtì ló ń gbà kọjá! Tí ìpàdé bá ti le, wọ́n á ní kí n rọra ná, ìwé ò tíì pé, yúníọ̀nù á wá máa wá owó ọkọ̀ tí wọ́n máa fi lọ sí mínísìrì. Mo ṣe é, iṣẹ́ mi ni.

Àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹ̀ lé àwọn ọ̀gá lórí. Nígbà tí ìjọba gbé ètò mọ́tò jáde ní 2013, tí wọ́n ní ẹni tó bá kó odindi mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ wọlé á san 35% owó ibodè pẹ̀lú 35% míì lé e, tí CKD ò ní san nǹkan kan, gbogbo wa yọ̀, yúníọ̀nù àti mánéjìmẹ́ǹtì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá lọ wo Berger lójú ọ̀nà Àpápá bí tòkunbọ̀ ṣe tò síbẹ̀. Tí MD, ọ̀gá àgbà, bá ní mọ́tò ò tà, èmi tí mò ń rí ìwé mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń purọ́. Ó ń purọ́ nígbà míì sha.

Káṣúà Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àgbà. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní èèyàn kọ́ńtírátọ̀ yẹn, ibòmíì sha. Bùkà níwájú gétì la ti kọ orúkọ wa sórí ìwé kan, pé kí kọ́ńpìnnì sọ wá di òṣìṣẹ́ tiwọn, epo ọbẹ̀ tiẹ̀ kán sí i, alága yúníọ̀nù ló mú un wọlé lọ bá mánéjìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yin rò pé mánéjìmẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ bá wa jà? Àwọn òṣìṣẹ́ gidi ni. Wọ́n ní tí wọ́n bá gba àwa wọlé, owó tí wọ́n fẹ́ fi kún tiwọn á dín kù. Mánéjìmẹ́ǹtì gbọ́, kíá ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn da alága láàmú nínú ìpàdé, pé ṣé àwọn èèyàn tiẹ̀ mọ ohun tó ń béèrè ṣá. Ó ṣòro, a ò gbọdọ̀ purọ́. Níkẹyìn wọ́n gba díẹ̀ nínú wa, mo bọ́ sí i, àwọn tó kù ṣì wà lọ́dọ̀ kọ́ńtírátọ̀, a jọ ń jẹun ní bùkà yẹn ni, àmọ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àdéhùn wa ti fẹ́ parí, wọ́n máa tó jókòó lórí tuntun. Ẹni tí yúníọ̀nù tiẹ̀ bá ti jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo káṣúà wọlé pátá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ sínú ìwé tí mánéjìmẹ́ǹtì fi buwọ́ lù ú?